ẸSẸ̀ AJÁ, ẸSẸ̀ ẸṢIN: Ìtàn Iṣẹ́ Abẹ Eegun Ẹran àti Ohun Tí Ó Kọ́ Wa

  

Àwọn tí ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan nípa iṣẹ́ tí mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, èyíinì ni iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran. Dípò kí n máa ka orúkọ àìsàn màlúù àti adìẹ sílẹ̀, mo yan ìbéèrè kan tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí ní ìlú Zaria tí a ń gbé yìí, pàápàá ní àsìkò ọdún Iléyá. Ìbéèrè náà ni pé: kí ló dé tí ajá tí mọ́tò ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ fi lè yè, tí yóò tún máa sáré kiri, ṣùgbọ́n tí wọ́n sábà máa ń pa ẹṣin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kán? Àwọn kan rò pé ìwà ìkà ni. Àwọn mìíràn ní nítorí owó ni. Ìtàn fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé nínú wíwá ìdáhùn sí i ni ènìyàn àti ẹranko ti ran ara wọn lọ́wọ́.

ÀWA ÀTI ẸṢIN

Ẹṣin kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Láàárín nǹkan bí ọdún 1600 sí 1800, ọwọ́ àwọn ẹlẹ́ṣin ogun ni apá kan pàtàkì nínú agbára Ọ̀yọ́ wà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹṣin wọ̀nyẹn, láti òkè ni wọ́n ti ń rà wọ́n wá, nítorí pé eṣinṣin tí a ń pè ní tsetse pọ̀ nínú igbó, ó sì ń gbé àìsàn tí ń pa ẹṣin. Èyí wà lára ìdí tí ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ fi lágbára ní ọ̀dàn, tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún wọn nínú igbó kìjikìji. Ohun tí ó bá ṣọ̀wọ́n ni iyì máa ń bá a rìn. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi sọ pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì tún kìlọ̀ pé ẹni tí ó gun ẹṣin, ilẹ̀ ni ó ń bọ̀.

Níhìn-ín ní Àríwá, iyì náà kò tíì lọ. Gbogbo wa ni a máa ń jáde lọ wo Hawan Sallah, tí àwọn ìjòyè máa ń gun ẹṣin tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ní ọdún 2024, UNESCO fi ti Kano sínú àkọsílẹ̀ àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pamọ́. Àwọn ọmọ wa ń wo aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́. Ojú àwa tí a ṣe iṣẹ́ ẹran, ẹsẹ̀ ni ó máa ń lọ.

LÁTI ỌWỌ́ ALÁGBẸ̀DẸ DÉ ILÉ Ẹ̀KỌ́

Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, alágbẹ̀dẹ tí ń kan irin mọ́ pátákò ẹṣin náà ni dókítà ẹṣin. Bí ẹṣin bá ń tiro, yóò yọ irin gbígbóná nínú iná, yóò fi jó ojú ibi tí ó ń dùn ún. Ẹsẹ̀ tí ó bá kán, ó di ẹjọ́ ìbọn.

Ní ọdún 1761, nígbà ayé Ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Claude Bourgelat, tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ẹṣin gígùn, gba àṣẹ láti dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn tí ń pa màlúù ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ìjọba gbà fún un. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni òmíràn dé ní Alfort, lẹ́bàá Paris.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e ní London ní 1791. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe olórí ibẹ̀ ni Charles Vial de Saint Bel, ará Faransé tí ó kàwé ní Lyon. Ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí ni ẹṣin eré ìje kan tí ń jẹ́ Eclipse, tí ẹnikẹ́ni kò borí rẹ̀ rí. Nígbà tí Eclipse kú ní 1789, Saint Bel ni wọ́n pè láti la òkú rẹ̀. Ó wọn eegun rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́ mọ ohun tí ó jẹ́ kí ó yára tó bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n ni ó fi wo ẹsẹ̀ ẹṣin, kì í ṣe ìméfò.

OHUN MẸ́TA TÍ Ó DÍ Ọ̀NÀ

Bí ẹ̀kọ́ ti pọ̀ tó, ohun mẹ́ta kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè la ẹsẹ̀ ẹran kí ó tún eegun inú rẹ̀ tò: ìrora, kòkòrò inú egbò, àti pé ojú kò rí inú ara.

Ní ọjọ́ 16 oṣù October 1846, ní Boston ní Amẹ́ríkà, William Morton, tí ó jẹ́ oníṣègùn eyín, fi ether kun ọkùnrin kan lóorun ní gbangba kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ní ọdún 1847, Edward Mayhew, dókítà ẹran ní London, ti ń dán oògùn náà wò lára ajá àti ológbò. Ní 1867, Joseph Lister tí ń ṣiṣẹ́ ní Glasgow tẹ̀wé jáde pé òun ń fi oògùn apakòkòrò tọ́jú egbò àwọn tí eegun wọn kán tí ó sì ya awọ jáde, àti pé ọ̀pọ̀ wọn ń sàn láìgé ẹsẹ̀. Ní November 1895, Wilhelm Röntgen ní ilẹ̀ Jámánì rí ìtànṣán X-ray, ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí eegun láìla ara.

Ẹ kíyè sí i pé ara ènìyàn ni àwọn oògùn àti irinṣẹ́ wọ̀nyí ti kọ́kọ́ gbilẹ̀ kí wọ́n tó di ti ẹran. Kò pẹ́ tí ẹran náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í san oore padà.

AJÁ TÍ Ó TỌ́JÚ ỌMỌ OGUN

Bí ẹ bá ti sin ajá rí, ẹ mọ̀ pé ohunkóhun tí a bá dì mọ́ ọn lára, eyín ni yóò fi tú u. POP kò pé lára rẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ pẹ́, oríkèé ẹsẹ̀ a gan, iṣan a rọ, nítorí pé kò lò ó. Otto Stader, dókítà ẹran ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ronú sí ọ̀rọ̀ yìí ní àwọn ọdún 1930. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gún irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú eegun lókè ibi tí ó ti kán, ó gún òmíràn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó wá fi ọ̀pá irin kan so wọ́n pọ̀ ní ìta ara. A lè yí ọ̀pá náà títí eegun yóò fi bọ́ sí ipò. Ajá náà yóò dìde, yóò máa rìn, eegun yóò sì máa jò pọ̀ nínú.

Àwọn dókítà ènìyàn ní New York rí i, wọ́n sì gbìyànjú rẹ̀ lára àwọn aláìsàn tiwọn. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì le, àwọn dókítà ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà lò ó fún àwọn ọmọ ogun tí ẹsẹ̀ wọn kán. Ọkọ̀ ojú omi kì í dúró sójú kan, kò sì rọrùn láti fi okùn àti òṣùwọ̀n so ẹsẹ̀ aláìsàn rọ̀ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ohun tí a ṣe nítorí ajá ni ó gbé wọn dìde. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ní 1958, àwọn dókítà eegun 13 ní Switzerland dá ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ AO sílẹ̀, láti ṣe ìwádìí irin pẹlẹbẹ àti ìṣó oníyíyí tí a fi ń de eegun mọ́ra. Ní 1969, àwọn dókítà ẹran dá ẹ̀ka tiwọn sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Irin tí wọ́n ń fi sí ẹsẹ̀ ènìyàn nílé ìwòsàn ńlá lónìí, ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń fi sí ti ajá.

Bí gbogbo rẹ̀ bá sì kọ̀, ajá ṣì ní ọ̀nà kan tí ẹṣin kò ní. A lè gé ẹsẹ̀ kan kúrò, kí ó sì fi mẹ́ta yòókù rìn. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa níhìn-ín ní ajá tí ọ̀kadà gbá. Dókítà gé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan, àwọn aládùúgbò sì ń sọ pé owó ni ìyá náà fi ń ṣòfò. Ọdún mẹ́fà ni ajá náà tún fi ṣọ́ ilé lẹ́yìn ìgbà náà.

KÍ LÓ WÁ DÉ TÍ TI ẸṢIN FI YÀTỌ̀?

Ẹṣin ńlá a máa wọ̀n tó 450 sí 500 kílò. Gbogbo ìwọ̀n yìí, orí ìka kan ṣoṣo ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó gbé e lé, nítorí pé pátákò ẹṣin, èékánná ìka àárín ni. Láti orúnkún rẹ̀ wá sísàlẹ̀, iṣan okùn, eegun àti awọ nìkan ni ó kù. Kò sí ẹran púpọ̀ tí yóò bo eegun náà tàbí tí yóò gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún un. Bí eegun bá kán níbẹ̀, ó sábà máa ń fọ́ yángá, yóò sì tètè yọ síta.

Ẹṣin kò tún lè dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bí ènìyàn. Ìwọ̀n ara rẹ̀ yóò pa ẹran ara àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lára. Dandan ni kí ó dúró. Bí ó bá sì dúró, ẹsẹ̀ tí kò ní nǹkan kan ni yóò máa gbé ẹrù ti ẹnìkejì rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ikú ti máa ń wọlé. Inú pátákò ni àwọn ẹran tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí wọ́n so eegun rọ̀ mọ́ èékánná. Bí ẹṣin ti ń gbé ẹsẹ̀ tí ó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀. Bí ẹsẹ̀ náà bá tẹ ilẹ̀ láìsinmi, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibẹ̀ tó, àwọn ẹran náà a bẹ̀rẹ̀ sí í kú, eegun a sì já bọ́ nínú pátákò. Laminitis ni àwọn dókítà ń pe àìsàn yìí. Ẹ wá rí i pé ẹsẹ̀ tí ó kán lè máa san lọ, kí ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ tí kò kán ni yóò pa ẹṣin.

Ìtàn ẹṣin méjì ní Amẹ́ríkà mú un yé gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 6 oṣù July 1975, abo ẹṣin kan tí ń jẹ́ Ruffian, tí ó ti gba ipò kìíní nínú gbogbo eré mẹ́wàá tí ó ti sá tẹ́lẹ̀, kán lẹ́sẹ̀ iwájú ọ̀tún ní pápá Belmont Park ní New York. Àwọn dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un lóru ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí oorun oògùn ti ń dá lójú rẹ̀, ó rò pé òun ṣì ń sáré ìje ni. Ní ìdùbúlẹ̀, ó ń ju ẹsẹ̀ kíkankíkan títí ó fi ba ohun tí wọ́n ti ṣe jẹ́. Wọ́n ní láti pa á kí ó lè sinmi.

Dókítà kan ti ń ronú sí ìjí-lójú-oorun yìí ṣáájú ìgbà náà. Jacques Jenny ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Switzerland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Fásitì Pennsylvania, tí ó sì kú ní 1971. Òun ni ó mú àbá wá pé kí ẹṣin máa jí nínú omi. Wọn yóò gbé e sínú ohun kan bí ọkọ̀ rọ́bà tí ó ní ihò fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn yóò sọ ọ́ sínú adágún omi. Bí ó bá jí tí ó ń ju ẹsẹ̀, omi ni yóò máa ta nípàá.

Nínú omi bẹ́ẹ̀ ni Barbaro jí ní oṣù May 2006. Òun ni ó gba ipò kìíní nínú eré Kentucky Derby ọdún náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ní ọjọ́ 20, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún rẹ̀ kán lórí pápá. Ní ọjọ́ kejì, Dókítà Dean Richardson fi irin pẹlẹbẹ àti ìṣó oníyíyí 27 de eegun náà. Eegun náà ń jò pọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù July, laminitis wọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì, ẹsẹ̀ tí kò kán. Wọ́n ní láti gé èyí tí ó pọ̀ jù nínú pátákò náà. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, kò sí owó tí wọn kò ná, kò sì sí ìmọ̀ tí wọn kò lò. Ní ọjọ́ 29 oṣù January 2007, wọ́n gbà láti jẹ́ kí ó lọ.

Nítorí náà, kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́, kì í sì í ṣe àìlówó nìkan ni ó ń pa ẹṣin. Bí a ti dá a ni. Lónìí, bí eegun bá kàn sán tí kò fọ́, tàbí bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹṣin tí kò tíì wúwo, dókítà lè fi ìṣó dè é, ẹṣin náà sì lè padà sáré. Ṣùgbọ́n àgbà ẹṣin tí eegun ńlá rẹ̀ bá fọ́ yángá, ó ṣì ṣòro títí di òní, kódà ní ibi tí ọ̀nà ti là jù lọ.

TIWA ŃKỌ́?

Lọ́dọ̀ tiwa, ìmọ̀ eegun títò ti pẹ́. Àwọn kan nínú àwọn tí ń to eegun nílẹ̀ Yorùbá máa ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ, wọn a tò ó, wọn a dì í, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe fún aláìsàn. Ọjọ́ tí adìẹ náà bá fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ dáadáa ni wọ́n máa ń tú ti ènìyàn. Èmi kò fi wọ́n ṣẹ̀sín: wọ́n mọ̀ pé eegun ẹran àti ti ènìyàn ń san lọ́nà kan náà. Ohun tí ó kù níbẹ̀ ni pé bí eegun adìẹ ti yára tó kọ́ ni ti ènìyàn. Ti adìẹ lè san láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojúgun àgbàlagbà sì lè gbà tó oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí wọ́n bá sì dì í le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ a sì kú.

Ìmọ̀ ti ìgbàlódé náà kò jìnnà sí wa. Iléeṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran ti ìjọba wà ní Vom, lẹ́bàá Jos, láti ọdún 1924. Fásitì Ahmadu Bello tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1962 nílùú wa yìí, àti Fásitì Ìbàdàn, ti ń kọ́ dókítà ẹran láti àwọn ọdún 1960. Ọ̀pọ̀ wa ń kọjá níwájú ẹnubodè Samaru lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé ilé ìwòsàn ẹran wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún kan, lẹ́yìn Hawan Sallah, Alhaji kan rán ọmọ rẹ̀ wá pè mí. Ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin rẹ̀ ti kán láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n ti fi òróró gbígbóná wọ́ ọ, wọ́n fi okùn àti igi dì í. Nígbà tí mo dé, ẹsẹ̀ kejì tí ó ń gbé ara lé ti gbóná, kò fẹ́ fi tẹ ilẹ̀ mọ́, ó ń gbọ̀n. Mo pe dókítà, dókítà sì gún un ní abẹ́rẹ́ tí ó fi sùn lọ. Alhaji bú sẹ́kún. Ó ní, “Baba, bí mo bá pè yín ní ọjọ́ kìíní ńkọ́?” Dókítà ni ó dá a lóhùn, ó sì sọ òtítọ́ fún un: “Alhaji, ẹsẹ̀ yìí kì bá tí san. Ṣùgbọ́n kì bá tí jìyà ọjọ́ mẹ́sàn-án.”

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ni mo torí rẹ̀ kọ ìwé yìí. Àánú kì í ṣe kí a máa fa ìrora gùn. Kì í sì í ṣe kí a tètè pa ohun tí ó lè yè. Àánú ni kí a tètè wá ẹni tí ó mọ̀.

Bí ẹran yín bá kán lẹ́sẹ̀:

1. Ẹ má fi ọwọ́ wọ́ ọ, ẹ má fi ohun gbígbóná sí i, ẹ má sì fà á láti tò ó.

2. Ajá tí ara ń ro lè bu olówó rẹ̀ jẹ. Ẹ fi aṣọ di ẹnu rẹ̀ bí ó bá ń mí dáadáa tí kò sì ń bì, kí ẹ gbé e lórí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ó bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà nítorí àrùn dìgbòlugi.

3. Ẹ má fún ajá ní oògùn ara ríro ti ènìyàn. Ibuprofen lè ba inú àti kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

4. Ẹ má mú ẹṣin rìn. Ẹ jẹ́ kí ó dúró síbi tí ó wà, ẹ fi omi síwájú rẹ̀, kí ẹ pe dókítà wá bá a.

5. Ẹ bi dókítà ní ìbéèrè méjì: ṣé ó lè san, àti pé kí ni ojú rẹ̀ yóò rí kí ó tó san? Ìdáhùn kejì ṣe pàtàkì bí ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin òbí, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Bí ọmọ yín bá sọ pé dókítà ẹran ni òun fẹ́ dà, ẹ má sọ fún un pé màlúù ni yóò máa tẹ̀lé kiri. Iṣẹ́ tí ó mú ọmọ ogun dìde lórí ibùsùn kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Ìbéèrè ẹsẹ̀ ẹṣin ṣì wà nílẹ̀ tí kò tíì ní ìdáhùn pátápátá, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé ọmọ tiwa kọ́ ni yóò dáhùn rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́. Ẹsẹ̀ wa kò ní kọ̀ wá lọ́nà ire. Àṣeyọrí ni a ó ṣe o. Àṣẹ.